Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Rẹ́mọ tí Ẹ Ń Kọ Eré Akọni: Ẹ Má Jẹ́ Kí Adáhunṣe Gba Iṣẹ́ Ọdẹ Ṣe

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Ṣàgámù,

Mo kí yín, mo sì kí yín kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti lé ní oṣù méjì tí ìwé eré akọni tí ẹ ń kọ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ sì bẹ̀ wá pé kí a bá yín dán an wò, kí a má sì fi ohunkóhun tí a bá rí níbẹ̀ pa mọ́. A ti jókòó tì í ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́fà, àwọn márùn-ún tó ń ṣe akọni àti èmi tí mo ń darí eré. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré orí tábìlì ni eré akọni: olúkúlùkù á mú akọni kan, adarí eré á máa sọ ìtàn tí wọ́n wà nínú rẹ̀, dáìsì tí a bá jù ló sì ń sọ bóyá ohun tí akọni dáwọ́ lé yóò yọrí. Ǹ bá ti fi èsì mi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fẹ́ fi ìtàn àti àṣà wa ṣe irú eré yìí, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n kọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwòrán ilẹ̀ tí ẹ yà ṣe kedere, èdè inú ìwé náà sì dùn ún kà sókè. Onílù yín, tó ń fi ìlù pe orúkọ ọ̀tá títí àyà ọ̀tá náà fi ń já, wù mí ju ọ̀pọ̀ akọni tí mo ti rí nínú eré àwọn òyìnbó lọ. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìwọ̀n tó wà láàárín àwọn kíláàsì, ìyẹn irú iṣẹ́ tí akọni kọ̀ọ̀kan ń ṣe: Ọdẹ, Ẹ̀ṣọ́, Alágbẹ̀dẹ, Onílù àti Adáhunṣe. Bí ìwé náà ṣe wà báyìí, láti ìpele karùn-ún lọ (ìpele ni àtẹ̀gùn tí akọni ń gùn bí ìrírí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i), Adáhunṣe nìkan ló ń ṣe eré. Àwọn mẹ́rin yòókù kàn ń sìn ín lọ sí òde ni.

Ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹrin ni n óò fi ṣe ẹ̀rí. Ìtàn tí a wà nínú rẹ̀ ní kí àwọn akọni dé Òkè-Ẹ̀rí kí ilẹ̀ tó mọ́, Erédò Sùngbọ́ sì wà lójú ọ̀nà wọn. Ẹ̀yin náà mọ Erédò, yàrà àti ògiri amọ̀ àtayébáyé tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri rẹ̀ níbòmíràn tó mítà 20. Ọmọbìnrin kan láàárín wa, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ló mú Ọdẹ, nítorí pé ọdẹ ni bàbá ìyá rẹ̀, ó sì ti kọ́ ọ ní orúkọ ewé nígbà tó wà ní kékeré. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ náà ló fi ń múra sílẹ̀. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan bí òun yóò ṣe wá ibi tí ògiri ti ya, irú igi tí yóò máa hù níbi tí omi bá ti ń ṣàn, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ inú yàrà tutù. Mo ní ó tutù. Ó mú dáìsì olójú ogún, ó dì í mọ́wọ́, ó ti ń mì ín. Ọmọkùnrin tó mú Adáhunṣe bá sọ̀rọ̀, láìní ẹ̀tanú kankan nínú, ó ní, “Mo lo egbé.”

Mo ṣí ìwé yín. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni pé egbé lè gbé ẹni tó ní in àti gbogbo ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí dáìsì tí a óò jù, kò sì sí ohun tí yóò ná an. Bí a ṣe bá ara wa ní Òkè-Ẹ̀rí nìyẹn. Ọmọbìnrin yẹn ṣí ọwọ́, ó wo dáìsì náà, ó sì rọra dá a padà sínú agolo mílíìkì tí a ń kó wọn sí, bí ẹni ń dá ẹyin padà sábẹ́ adìyẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló tún sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta: “Mo ta ọfà.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá, ó bá wa bu ìkọ́kọrẹ́ sínú àwo, ó jókòó sẹ́bàá ògiri, ó ní òun fẹ́ máa wo wa ni.

N kò bá ọmọkùnrin náà wí, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí. Ó ka ìwé yín dáadáa, ó sì lo ohun tí ìwé fún un. Inú ìwé ni àṣìṣe wà.

Àṣìṣe yìí ti pẹ́ láyé, ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons, tó jẹ́ ìyá irú eré akọni báyìí, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, kíláàsì mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nígbà náà ni pé kí onídán jìyà ná kó tó jẹun. Idán kan ṣoṣo ló lè ṣe lójúmọ́ ní ìpele kìn-ín-ní, kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ẹ̀mí rẹ̀ sì kéré débi pé ọ̀bẹ kan lè pa á. Nínú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1981, olè nílò pọ́ìntì ìrírí 1,200 láti dé ìpele kejì, jagunjagun nílò 2,000, onídán sì nílò 2,500. Ẹni tó bá fara da gbogbo èyí títí di ìpele gíga ni yóò wá máa jẹ èrè rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn kò burú fún àwọn tó lè fi ọdún mẹ́ta ṣe ìtàn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé jagunjagun yóò gbádùn ní àárọ̀, onídán yóò gbádùn ní alẹ́, kì í ṣe pé àwọn méjèèjì yóò jọ gbádùn lórí tábìlì kan náà ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde lọ́dún 2000, wọ́n sọ pọ́ìntì ìrírí gbogbo kíláàsì di ọ̀kan náà. Owó tí onídán ń san lọ sílẹ̀, agbára tó ń rà kò lọ sílẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ olè, nítorí òun ló jọ ti ọdẹ wa jù lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n fi olè kún àwọn kíláàsì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa ṣí ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, pẹ̀lú dáìsì tó lè já a kulẹ̀. Ṣùgbọ́n onídán ti ní idán kan ṣáájú ìgbà yẹn tó ń ṣí ìlẹ̀kùn láìjá a kulẹ̀ rárá. Kí ni olè wá fẹ́ ṣe níbẹ̀? Nínú ẹ̀dà karùn-ún tó jáde lọ́dún 2014, wọ́n ronú sí i, wọn kò fi idán náà dù onídán, wọn kò sì dín agbára rẹ̀ kù. Wọ́n kàn ní bí ó bá ti lò ó, ariwo ìlẹ̀kùn náà yóò dún débi pé ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 300 yóò gbọ́ ọ. Ariwo lásán ni, ṣùgbọ́n ariwo yẹn dá iṣẹ́ olè padà fún un, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé kí ẹ̀ṣọ́ má jí yóò yíjú sí olè, yóò sì bẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, n kò tíì rí èyí tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀dà karùn-ún yẹn lẹ ti mú egungun ìwé yín. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, àwọn tó ni ín ti fi í sílẹ̀ fún aráyé lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ mú egungun, ẹ mú àìsàn tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì fẹ́ fi ìṣirò hàn yín. Nínú ìwé 2014, onídán ìpele karùn-ún lè ju bọ́ọ̀lù iná, dáìsì mẹ́jọ tó ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ ọgbẹ́ 28 fún ẹnikẹ́ni tí kò bá yẹ̀ ẹ́. Jagunjagun alágbára ní ìpele kan náà lè fi idà ńlá ṣá ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, bí méjèèjì bá sì bá a, ọgbẹ́ rẹ̀ yóò tó bíi 22. Lára ọ̀tá kan ṣoṣo, 28 àti 22 kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá mẹ́fà bá ṣù jọ sójú kan, 28 ti onídán di 168, ti jagunjagun kò kúrò ní 22. Ohun tí wọ́n fi ń dá ìwọ̀n náà padà ni pé jagunjagun lè máa ṣá láti àárọ̀ títí di alẹ́, nígbà tí onídán kò lè ju irú iná bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bó bá ráyè sinmi díẹ̀, kó tó di pé ó sùn. Ìwé adarí eré ti ọdún náà sì sọ ọ́ pé àwọn akọni lè kojú ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ, èyí tó mọ níwọ̀n tàbí èyí tó le, láàárín ọjọ́ kan nínú ìtàn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ta ló ń ja ìjà mẹ́fà lójúmọ́? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àwa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń ṣòwò bá ti dé láti ọjà, nígbà tó bá sì fi máa di aago méje àbọ̀, ìyá ẹnìkan ti ń pè. Ìjà méjì ni a lè jà, mẹ́ta ní ọjọ́ tí a bá yára. Lẹ́yìn náà a ó ní àwọn akọni sùn, kí a lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àpò oògùn Adáhunṣe yín gba méje lójúmọ́. Kò tíì lo ju mẹ́rin lọ rí kí ilẹ̀ tó mọ́ tí àpò náà tún kún. Ohun tí ẹ pè ní ààlà fún un, kò tíì fi ẹsẹ̀ kàn án rí. Ẹni tí kì í tán lọ́wọ́, tó sì ní ojútùú sí ohun gbogbo, kí ni yóò mú un wo ojú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?

Ẹnìkan lára yín ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ó fún gbogbo kíláàsì ní oògùn méje-méje kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kẹrin Dungeons & Dragons tó jáde lọ́dún 2008 gba ọ̀nà yẹn: jagunjagun, onídán, àlùfáà àti olè, gbogbo wọn ní agbára tí wọ́n lè lò nígbàkigbà, èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà, àti èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n kò ní jiyàn rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ráhùn pé bákan náà ni gbogbo kíláàsì ṣe ń rí lọ́wọ́ àwọn. Ìdọ́gba kọ́ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwọ̀n tí mo ń sọ nìyẹn gan-an. Kí pẹpẹ wà nínú eré yín, kí kèrègbè náà wà níbẹ̀, kí ó má sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ tó tún wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí mọ bí ó ṣe ń rí: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, yóò jáde pẹ̀lú aṣọ wọn, wọn yóò jó dé iwájú Awùjalẹ̀, wọn yóò kí Kábíyèsí, wọn yóò sì kọjá kí èkejì lè wọlé. Àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin ní ìgbà tiwọn. Kì í ṣe iye ènìyàn tàbí owó aṣọ ló dọ́gba níbẹ̀, àyè láti jáde ni.

Ibi tó dùn mí jù ni pé oògùn tó yẹ kí ẹ fi wo àìsàn yìí wà nílé, ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ gbé orúkọ egbé, àféèrí, gbètugbètu, kánàkò àti òkígbẹ́ sínú ìwé, ẹ kò gbé èèwọ̀ wọn wọlé. Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí nílẹ̀ yìí pé ènìyàn ní oògùn tí kò ní èèwọ̀? Ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára mọ oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu, ó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ dá kọjá, ó mọ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kò gbọdọ̀ sọ sí òun. Àwọn tó kọ idán ìlẹ̀kùn ní Amẹ́ríkà lo ogójì ọdún kí wọ́n tó ronú kan ariwo tí yóò tẹ̀ lé e. Àwọn bàbá wa ti ronú kan tiwọn tipẹ́.

Ẹ sì tún gba nǹkan kan lọ́wọ́ Ọdẹ. Nínú ìwé yín, ọfà àti ojú tó ń ríran jìnnà nìkan ló ní, nítorí pé ẹ wo jagunjagun àwọn òyìnbó tí kì í ní idán, ẹ sì fi ọdẹ sí ipò rẹ̀. Ọdẹ tí gbogbo wa gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá wa kọ́ nìyẹn. Ọdẹ ń bá ohun tó wà nínú igbó sọ̀rọ̀. Ó ń sun ìjálá, ó mọ oríkì ẹranko, ó mọ ewé tó ń pa àti ewé tó ń wo, òun ló sì ń ṣọ́ ìlú lóru. Àwọn tó ni Dungeons & Dragons fúnra wọn ti ń rí i pé ó yẹ kí ẹni tí kì í pidán ní ohun tí yóò ṣe lẹ́yìn ogun: nínú ìwé tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024, láti ìpele kejì ni jagunjagun ti lè fi èémí tó fi ń wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ gba ìdánwò tó ti já a kulẹ̀ padà, ì báà jẹ́ ògiri ló ń gùn tàbí ọ̀rọ̀ ló ń bá ènìyàn sọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹfà, mo dán àtúnṣe kan wò láìkọ́kọ́ sọ fún yín, ẹ forí jì mí. Mo ní egbé kò ní gbé ju ẹni tó ni ín lọ, ìgbà tí ewu bá sì ká a mọ́ nìkan ni yóò jẹ́. Mo ní bí ó bá ti gbé e, ẹni náà kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi yọ, bí ó bá sọ̀rọ̀, àpò rẹ̀ yóò ṣófo fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà ká wọn mọ́ inú yàrà, Adáhunṣe lo egbé, ó sì bá ara rẹ̀ lókè ògiri ní òun nìkan, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rí ọlọ́ṣà mìíràn tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn, kò sì lè pariwo. Ó dìde lórí àga. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe sí wa, ẹnu rẹ̀ wà ní dídì pinpin, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn eré pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rù ba òun nínú ìwé yín. Mo dín ẹni tí egbé lè gbé kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò gba egbé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i. Ọmọbìnrin aránṣọ tó jókòó sẹ́bàá ògiri fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó bi mí pé, “Ta ló wá mọ ọ̀nà àbájáde báyìí?” Kò sí Ọdẹ láàárín wọn mọ́. N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ lè dáhùn pé adarí eré ló yẹ kó máa tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe bí mo ti ṣe yìí. Mo lè ṣe é nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ní Ìpẹru tàbí Òde-Rẹ́mọ, tó jẹ́ pé ìwé yín ni yóò fi kọ́kọ́ darí eré láyé rẹ̀, ohun tí ìwé bá wí ni yóò ṣe, bí ó bá sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dá Adáhunṣe dúró, ìjà ni yóò dì láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn lé e lórí.

Ní ti gbètugbètu, n óò bẹ̀ yín kí ẹ ro bí yóò ṣe wà pẹ̀lú Onílù, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ àti ìlù yí ọkàn ènìyàn padà. Bí ẹni tí gbètugbètu mú bá lè rántí lọ́jọ́ kejì ẹni tó mú òun ṣe ohun tí òun kò fẹ́, ìlú kò ní gbàgbé, a óò sì máa wá Onílù nígbà tí a bá fẹ́ kí àlàáfíà pẹ́. Àféèrí kò burú jù. Alágbẹ̀dẹ nílò iṣẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lẹ́tà tirẹ̀, nítorí pé ilé nìkan ló ti wúlò báyìí, n óò kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́tọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ kí ẹ tó tẹ ìwé náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí méjì tàbí mẹ́ta nínú yín wọkọ̀ láti Ṣàgámù wá bá wa. Ẹ mú ìwé náà wá bó ṣe wà, kí ẹ má tíì tún un ṣe. A óò tún ìrìn Òkè-Ẹ̀rí yẹn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin wa ni yóò mú Adáhunṣe, kí ẹni tó kọ orí ìwé tó sọ̀rọ̀ egbé láàárín yín sì mú Ọdẹ. Ọmọbìnrin aránṣọ ti gbà láti yá a ní ìwé pélébé rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n yín,
adarí eré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.